Olóyè Ògúnjìnmí Jókòó Sórí Afẹ́fẹ́

"Bàbá Ìdùnnú, bí wọ́n bá bi yín pé báwo ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúpẹ́ o."

Ọ̀rọ̀ tí Làbákẹ́ sọ kẹ́yìn fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Orí ibùsùn ló wà, ibà ti dè é mọ́lẹ̀. Ọdúntán ní òun gbọ́. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó gba Òkèṣà jáde ní Iléṣà, ó wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Nígbà tí ó padà dé ní ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin àdúgbò ti kún ẹnu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó lè wo ojú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ibẹ̀ sílẹ̀ ná. Ìtàn ẹ̀rín ni èyí. Ẹkún mọ ilé, yóò dúró dè wá.

Kí ló kan ọpẹ́ nínú ọ̀rọ̀? Ṣé ẹ mọ̀ wá. Bí ilé Yorùbá bá ń jóná, tí ẹ bi onílé pé báwo ni, á ní a dúpẹ́. Ẹni tí eyín ń ro, a dúpẹ́ ni. Ẹni tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ara le, a dúpẹ́. A kì í fi ẹnu ara wa pe ibi, torí a kò mọ ẹni tó wà nítòsí tó fẹ́ ṣe àmín sí i. Àṣà tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà ní Òṣogbo tó ti fi àṣà náà dẹ tàkúté.

Kí á tó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà, ẹ jẹ́ kí á mọ Ọdúntán. Awakọ̀ ni. Òṣogbo sí Iléṣà, Iléṣà sí Òṣogbo, ọ̀nà náà mọ táyà rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, tírélà kan tó kó gẹdú já mọ́ awakọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́bàá Ìbòkun, gẹdú sì ń yí bọ̀ lójú ọ̀nà. Ọdúntán yí bọ́ọ̀sì rẹ̀ wọ inú igbó. Kò sí èrò kan tó kú. Ìyá arúgbó kan tiẹ̀ bínú pé ẹyin òun fọ́. Ara Ọdúntán náà kò bó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí ó bá ti di sítíárìn mú, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ewé kókò tí òjò ń pa, òógùn á bò ó, gẹdú á tún máa yí bọ̀. Ó gbìyànjú títí. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà fi sùúrù gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àjọ kan wà fún irú wọn. Àjọ Owó-Iṣẹ́ Tó Sọnù ni wọ́n ń pè é. Àwọn awakọ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń dá owó sí i, kí ẹni tí jàǹbá bá ká lọ́wọ́ kò lè máa rí nǹkan jẹ. Ọ́fíìsì wọn kò jìnnà sí Old Garage. Ọ̀gá àgbà ibẹ̀ sì ni Olóyè Ọ̀mọ̀wé Olúwadára Ògúnjìnmí.

Ọ̀mọ̀wé ni lóòótọ́. Ibi tí ó ti mọ̀ ọ́n ni ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ènìyàn kúkúrú ni, ṣùgbọ́n fìlà rẹ̀ ga. Ó ń wọ awò ojú tí kò ní gíláàsì. Ó ní ojú òun mú débi pé gíláàsì yóò wulẹ̀ dí i lọ́wọ́ ni. Bí ó bá ń wọlé, Silas akọ̀wé rẹ̀ á lu agogo, gbogbo ènìyàn á dìde.

"A-rínú-ènìyàn-bí-ẹni-rínú-ife!" Silas á kígbe. "Ìmọ́lẹ̀ Òṣogbo! Òòrùn Ìjẹ̀ṣà! Òpùrọ́ rí i, ó gbàgbé irọ́!"

Àtẹ́wọ́ á wá bẹ̀rẹ̀. Òfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dẹ́kun àtẹ́wọ́ títí ìdí Olóyè yóò fi kan àga. Ìdí Olóyè kì í sì í tètè kan àga. Á kọ́kọ́ juwọ́ sọ́tùn-ún, á juwọ́ sósì, á gbá agbádá sókè, á tún un gbá. Kì í wẹ̀yìn. Ó ní ẹni ńlá kì í wá àga, àga ló ń wá ẹni ńlá. Silas ló ń bá àga wá a. Á fi ọwọ́ kan ti àga sí i nídìí, á máa fi ọwọ́ kejì lu itan ara rẹ̀ pàá pàá, kí òfin àtẹ́wọ́ má bàa mú un.

Ẹ fi àga yẹn sọ́kàn.

Ní ọjọ́ tí Olóyè dá ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀, ó pe àwọn oníròyìn, ó sì sọ̀rọ̀ títí omi inú ìgò gbogbo wọn fi tán.

"Ẹ̀yin ènìyàn tí orí yín ṣe yín lóore tí wọ́n fi bí yín sí ìgbà tèmi! Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá, dókítà ń wò ó. Ẹni tó ní ọkàn òun ló dá ńkọ́? Ta ni yóò wọ inú ibẹ̀ lọ wò ó? Èmi ni! Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rù tàbí ìbànújẹ́ kò jẹ́ kí òun lè ṣiṣẹ́ mọ́, ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe ìjòyè, yóò ṣe ìdánwò ọpọlọ, kí gbogbo ayé sì gbọ́ ọ lórí rédíò!"

"Kábíyèsí!" ni Silas ké.

"Má pè mí ní kábíyèsí, Silas," ni Olóyè wí. "Ó ṣì ku díẹ̀."

Mẹ́ta ni ìdánwò náà. Nínú èkíní, Olóyè á fi àwòrán àkùkọ, agboorùn àti ìgbákọ hàn ọ́, á bò wọ́n, á ní kí ni o rí. Bí o bá rántí, ọpọlọ rẹ pé, padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Bí o kò bá rántí, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ̀ ọ́n, o ń díbọ́n, òpùrọ́ ni ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bá wa wá ọ̀nà kẹta. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Olóyè ti dí i.

Nínú èkejì, á fi ìwé kan hàn ọ́ tí wọ́n da tàdáwà sí. Fẹ̀hìntọlá, bíríkìlà tó já láti orí òrùlé tí kò sì lè gun àkàsọ̀ mọ́, wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Kí lo rí?"

"Tàdáwà ni, sà."

"Wò ó dáadáa. Fi ọkàn wò ó."

Fẹ̀hìntọlá fi ọkàn wò ó. "Tàdáwà tó dà sílẹ̀ ni, sà."

"Ẹ gbọ́ o!" Olóyè na ìka sókè. "Ẹni tó mọ̀ pé ó dà sílẹ̀ lè nù ún. Ẹni tó bá lè nù ún lè ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá lè ṣiṣẹ́ tó ní òun kò lè ṣiṣẹ́, kí là ń pè é?"

"Òpùrọ́!" ni Silas dáhùn, ó sì pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló ń pa ènìyàn jù. Olóyè á fi awò ojú rẹ̀ sílẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á na ọwọ́ bí àgbà tó fẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á ní, "Báwo ni?"

Ará Òṣogbo, a dúpẹ́. Ìjẹ̀ṣà, a dúpẹ́. Mùsùlùmí, alihamudulilahi. Silas á sì lu agogo: ẹni tó bá dúpẹ́, ara rẹ̀ le, òpùrọ́ ni.

Làbákẹ́ ti gbọ́ èyí lẹ́nu àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi kìlọ̀. Ní ọjọ́ ìdánwò tirẹ̀, Ọdúntán sì ń wí i lẹ́nu láti Iléṣà: má dúpẹ́, má dúpẹ́. Ó rántí àkùkọ. Ó pe tàdáwà ní tàdáwà. Nígbà tí ó kan ẹ̀kẹta, Olóyè na ọwọ́ sí i, ó sì rẹ́rìn-ín tó dùn.

"Báwo ni, Bàbá?"

"A dúpẹ́, sà," ni Ọdúntán wí.

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí ó tó mọ̀. Ẹnu tó ti ń dúpẹ́ láti àárọ̀ ọjọ́ kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Agogo dún. Ó wọkọ̀ padà lọ sílé, ó ń ro bí òun yóò ṣe jẹ́wọ́ fún Làbákẹ́, àti bí yóò ṣe fi òun rẹ́rìn-ín. A ti sọ ohun tí ó bá nílé.

Olóyè ní ètò kan lórí rédíò ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Ẹ Wá Gbọ́ Òpùrọ́. Raliat, olóòtú ètò náà, ló ń ka orúkọ àwọn tí ìdánwò bá mú, torí pé ohùn rẹ̀ dùn. Ìsìnkú Làbákẹ́ kò tíì pẹ́ rárá tí Ìdùnnú, ọmọ rẹ̀ tó ń ta oúnjẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ikeji-Arakeji, fi pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá mi, wọ́n dárúkọ yín ní rédíò."

"Mo gbọ́."

"Wọ́n ní òpùrọ́ ni yín. Rédíò ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn oníbàárà ń gbọ́ ọ. Ẹnì kan bi mí pé ṣé bàbá mi kọ́ nìyẹn."

"Kí lo wí?"

"Mo ní bàbá mi ni, wọn kì í sì í purọ́. Mo pa rédíò. Bàbá mi, báwo ni?"

Ọdúntán ní òun dúpẹ́.

Ó lè fara da àìrí-nǹkan. Ó ní ẹ̀gẹ́ lóko, ó sì lè fi àkàrà mu ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́, orúkọ tí Làbákẹ́ ń jẹ́ mọ́ tirẹ̀ títí ó fi wọ inú ilẹ̀. Èyí ló fẹ́ kí wọ́n mú padà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń lóṣòó.

Ẹ mọ Ìjẹ̀ṣà. Láyé àwọn baba wọn tó ń ta aṣọ láwìn, bí ajigbèsè bá ń lọ́ tìkọ̀, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn kò ní jókòó, wọn kò ní dìde, títí yóò fi ṣe ohun tó tọ́. Òṣómàáló. Fẹ̀hìntọlá ló kọ́kọ́ lóṣòó síwájú ọ́fíìsì àjọ náà. Ọdúntán lóṣòó tì í. Kò pẹ́, wọ́n kún ojúde.

Olóyè yọjú lójú fèrèsé. "Silas, àwọn wo nìyí?"

"Àwọn olólùfẹ́ yín ni, sà. Wọ́n ń kúnlẹ̀ fún yín."

"Wọn kò kúnlẹ̀ tán."

"Ọ̀wọ̀ ló pọ̀ jù, sà. Kò jẹ́ kí orúnkún wọn balẹ̀."

Olóyè juwọ́ sí wọn. Ó ní kí wọ́n fún wọn lómi.

Ọjọ́ ayẹyẹ ọdún àjọ náà wá kò. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Olóyè ṣàkíyèsí nǹkan kan tó dùn ún. Ó rí i pé Silas ń fi ọwọ́ kan pàtẹ́wọ́.

"Lórí itan, Silas? Ṣé adìẹ lò ń lé ni? Ọwọ́ méjì ni Ọlọ́run fún ọ. Láti òní lọ, ọwọ́ méjì méjì ni gbogbo ènìyàn yóò fi máa pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹni tó bá lo ọwọ́ kan, mo lé e!"

"Ọgbọ́n yìí pọ̀ jù, sà," ni Silas wí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì sọ ọ́.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Olóyè kò rí i. Ó sọ̀rọ̀ tó gùn, ó juwọ́ sọ́tùn-ún, ó juwọ́ sósì, ó gbá agbádá. Gbogbo gbọ̀ngàn ń pàtẹ́wọ́ ọlọ́wọ́ méjì. Silas ń pàtẹ́wọ́ ọlọ́wọ́ méjì. Àga dúró síbi tó wà, torí àga kò gbọ́ òfin. Olóyè jókòó sórí afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ kò gbà á. Àtẹ́wọ́ kò sì dákẹ́, nítorí ìdí Olóyè kò tíì kan àga.

Ní ọjọ́ kejì, Olóyè kò sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, Silas kéde pé ìṣubú náà ti ba Olóyè lọ́kàn jẹ́, pé bí wọ́n bá ti rí máíkì, ohùn wọn á dí. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ ni iṣẹ́ Olóyè. Gbogbo ìpàdé tó bá ti sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fún un ní àpò ìwé tó wúwo. Iṣẹ́ sọnù. Nítorí náà, Olóyè tọrọ owó-iṣẹ́ tó sọnù lọ́wọ́ Àjọ Owó-Iṣẹ́ Tó Sọnù. Òun fúnra rẹ̀ ló sì fẹ́ fọwọ́ sí i.

Àwọn ìgbìmọ̀ àjọ náà tó wà lókè rẹ̀ bi í ní ìbéèrè kan péré: ìdánwò dà? Ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe ìjòyè, lórí rédíò. Wọ́n rán Dókítà Kàósárà sí i, ọ̀dọ́bìnrin kan tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìlera ọpọlọ ní tòótọ́.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn alóṣòó wà níwájú, wọn kò jókòó. Olóyè wọlé pẹ̀lú fóòmù funfun lọ́rùn, Silas ń mú un ní apá. Kàósárà fi àkùkọ hàn án, ó bò ó, ó ní kí ló wà níbẹ̀. Olóyè mi orí tìbànújẹ́tìbànújẹ́.

"Olóyè ní àwọn kò rántí ẹyẹ kankan," ni Silas wí.

"Ta ló sọ fún un pé ẹyẹ ni?" ni obìnrin kan bi láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rín bú.

Kàósárà dá wọn lẹ́kun. "Lábẹ́ òfin Olóyè, òpùrọ́ ni ẹni tí kò bá rántí. Èmi kò ní lo òfin yẹn fún ẹnikẹ́ni, àní fún Olóyè. Irú ìdánwò báyìí, ọ̀bẹ ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò á fi bẹ iṣu. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò, ìka àwọn ẹlòmíì ni yóò fi bẹ."

Ọdúntán dìde láti ibi tó lóṣòó sí. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kí wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú, n kò tíì kí wọn kú ewu."

Ta ló lè ní kí ènìyàn má kíni? Raliat na máíkì sí i.

Ọdúntán kò ní ètekéte lọ́kàn. Ó wo ọkùnrin náà pẹ̀lú fóòmù lọ́rùn, ó sì ronú pé bóyá òótọ́ ni, bóyá gẹdú tirẹ̀ náà ń yí bọ̀ lóru.

"Olóyè, ẹ kú ewu."

Olóyè mi orí.

"Ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú. Èmi mọ̀ ọ́n. Bí mo bá rí sítíárìn, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Àgbà bí èmi, mo ti tọ̀ sí ṣòkòtò rí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ẹ̀yin náà bí ẹ bá rí máíkì? Ṣé ẹ̀rù máa ń bà yín? Ṣé ẹ máa ń tọ̀ sára?"

Bí Olóyè bá mi orí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó jèrè. Orí náà kàn gbọdọ̀ mì. Ṣùgbọ́n gbogbo Òṣogbo ló ń gbọ́ rédíò, àti gbogbo Ìjẹ̀ṣà, àti àwọn ìyàwó àwọn ọ̀tá rẹ̀. Olóyè dìde gàgà.

"Ta ló tọ̀ sára?" Ohùn rẹ̀ mi fèrèsé. "Èmi? Èmi Olúwadára Ògúnjìnmí? Máíkì ló ń bẹ̀rù mi! Bí mo bá yọ, máíkì á máa làágùn! Ohùn mi le, ara mi le, ẹ̀rù tó fẹ́ bà mí, wọn kò tíì bí bàbá rẹ̀!"

Ó sọ ibi tí wọ́n bí i sí. Ó sọ ìwé tó kà, àti àwọn tó fẹ́ kà. Fóòmù já bọ́ lọ́rùn rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú bá wọn. Omijé ayọ̀ ń dà lójú Silas.

Kàósárà dúró títí Olóyè fi mí. Ó wá rọra bi í pé, "Olóyè, báwo wá ni?"

"A dúpẹ́!" ni Olóyè bú. "A dúpẹ́ gidigidi!"

Àtẹ́wọ́ bẹ́ sílẹ̀. Olóyè juwọ́ sọ́tùn-ún, ó juwọ́ sósì, ó gbá agbádá. Silas ń pàtẹ́wọ́, ọwọ́ méjì, bí òfin ti wí. Àga wà níbi tó wà.

"Ẹ̀yin olùgbọ́ wa," ni Raliat wí sínú máíkì, "Olóyè ti tún jókòó."

Ní ọjọ́ Ẹtì, Raliat ka orúkọ kan ṣoṣo nínú ètò Ẹ Wá Gbọ́ Òpùrọ́, pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀, torí Olóyè ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé oyè òun kúrú. Orúkọ náà gba gbogbo àkókò ètò. Lẹ́yìn rẹ̀, ètò parí, iṣẹ́ Olóyè parí. Silas ń lu agogo fún ẹlòmíràn báyìí. Bí ẹ bá pàdé Olóyè lójú ọ̀nà, tí ẹ bi í pé báwo ni, á ní òun dúpẹ́. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Kí ni kó tún wí?

Kàósárà tún ọ̀rọ̀ gbogbo wọn gbé yẹ̀ wò. Nígbà tí ó kan Ọdúntán, kò mú àwòrán lọ́wọ́. Wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi nítòsí bọ́ọ̀sì kan.

"Bàbá, báwo ni?"

Ọpẹ́ ti dé ọ̀fun rẹ̀. Ọdúntán gbé e mì. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Kò dáa," ni ó wí.

"Kí ni kò dáa?"

"Ọwọ́ mi. Oorun mi. Ìyàwó mi ní kí n má dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Ó sì ti lọ kí n tó délé."

Kàósárà kò kánjú. Wọ́n jókòó títí. Lẹ́yìn náà, ó ní kó gun bọ́ọ̀sì náà bí ó bá lè gùn ún. Ó gùn ún, ó jókòó síwájú, ó wo sítíárìn, ó sọ̀ kalẹ̀. Kàósárà ní ó tó.

Àjọ san ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un. Lórí rédíò, Raliat tọrọ àforíjì, ó ní Ọdúntán ará Òkèṣà ní Iléṣà kì í ṣe òpùrọ́, kò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ìdùnnú gbé rédíò sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó yí ohùn rẹ̀ dé òpin. Nílé, Ọdúntán yí ojú sí ibùsùn, kó rí i bóyá Làbákẹ́ gbọ́.

Kò tíì di sítíárìn mú. Kò tíì gbé bàtà Làbákẹ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì sùn sí àárín ibùsùn. Kò tíì jẹ ẹ̀pà tí Làbákẹ́ yan sínú ìgò. Kò tíì lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kò tíì dá agbada àkàrà tí ìyàwó rẹ̀ yá padà fún aládùúgbò. Kò tíì sọ fún Ìdùnnú ohun tí ìyá rẹ̀ wí kẹ́yìn. Kò tíì sunkún.